Bí ẹ ṣe lè ṣètò ibùdó ṣáájì ọkọ̀ oníná fún aráàlú, látorí tiransifọ́mà dórí ẹnu wáyà

Ìbéèrè kan náà ló ń wá lemọ́lemọ́ látọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, àwọn alága ẹgbẹ́ onílé, àwọn tó ni ilé epo, àtàwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ fowó wọn ṣe nǹkan gidi: "A fẹ́ kí aráàlú rí ibi tí wọ́n á ti máa ṣáájì ọkọ̀ oníná mànàmáná nílùú wa. Irú ẹ̀rọ wo ni ká rà?" Ìdáhùn mi ni pé kẹ́ ẹ má tíì ra ẹ̀rọ kankan. Ẹ̀rọ ló yẹ kó kẹ́yìn. Ohun tó ṣáájú ni kẹ́ ẹ mọ ibi táwọn ọkọ̀ ń dúró sí, iye wákàtí tí wọ́n ń lò níbẹ̀, àti wákàtí tí iná ń wà níbẹ̀. Bí wákàtí ọkọ̀ àti wákàtí iná bá pàdé, iṣẹ́ yín á yọrí. Bí wọn ò bá pàdé, ẹ̀rọ tó dáa jù lọ láyé ò lè gbà yín.

Ìbàdàn ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, torí pé ìlú náà tóbi, takisí pọ̀ níbẹ̀, gáréèjì ibẹ̀ gbòòrò, iná ibẹ̀ sì yàtọ̀ láti àdúgbò kan sí èkejì. Ẹni tó wà ní Abẹ́òkúta, Òṣogbo, Àkúrẹ́ tàbí Èkó lè tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀ náà, kó kàn pààrọ̀ orúkọ àdúgbò.

Ọ̀rọ̀ méjì ló máa jẹ yọ léraléra. Yúnìtì ni èyí tó wà lórí mítà yín nílé. Kílówáàtì ni bí ẹ̀rọ ṣe ń fa iná tó lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ kílówáàtì 7 tó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan á jẹ yúnìtì 7.

## Ohun tó yẹ kó wà nílẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Máàpù ìlú. Èyí tó wà lórí Google Maps ti tó.
- Ẹnjiníà iná kan tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà.
- Ẹnì kan tó ń gbọ́ tiyín ní iléeṣẹ́ tó ń pín iná. Ní Ìbàdàn, IBEDC nìyẹn.
- Aṣojú awakọ̀ takisí, ti oníkẹ̀kẹ́ NAPEP àti ti ọlọ́kadà. Ẹ má fi ti ìparí pe wọ́n. Orí wọn niṣẹ́ yìí dúró lé.
- Mítà táwọn oníṣẹ́ iná fi ń wọn fólítéèjì.
- Ìwé àkọsílẹ̀ tí ẹnì kan ṣoṣo ń tọ́jú.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wá ibi tí ọkọ̀ ń sùn

Ọ̀pọ̀ ló máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ibi tí èrò ti pọ̀. Èrò ò ní bátìrì. Ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ tọ̀ lẹ́yìn.

1. Ẹ pín ọkọ̀ ìlú yín sí ọ̀nà mẹ́rin: ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́, takisí, ọkọ̀ ara ẹni, bọ́ọ̀sì ńlá.
2. Fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ibi tó ń sùn, ibi tó ń dúró sí lọ́sàn-án, iye wákàtí tó ń lò níbẹ̀, àti iye kìlómítà tó ń rìn lóòjọ́.
3. Ẹ kọ bí bátìrì rẹ̀ ṣe tóbi tó. Ti ọ̀kadà oníná sábà máa ń wà láàárín yúnìtì 2 sí 3, ti kẹ̀kẹ́ láàárín 5 sí 10. Nissan Leaf, ọkọ̀ oníná kan, tó jẹ́ tókúnbọ̀ lè jẹ́ 24, 30 tàbí 40, bí ọdún rẹ̀ bá ṣe rí. Bọ́ọ̀sì ńlá máa ń lé ní 200.
4. Ẹ fàmì sí gbogbo rẹ̀ lórí máàpù.

Ẹ má ṣe ìgbésẹ̀ yìí látinú ọ́fíìsì o. Ẹ lọ sí Ìwó Róòdù ní kùtùkùtù, kẹ́ ẹ bá awakọ̀ Micra kan jókòó. Ó ti mọ iye tó gbọ́dọ̀ kó lé ọlọ́kọ̀ lọ́wọ́ lálẹ́, ó ti mọ iye epo tó máa rà, èyí tó bá ṣẹ́ kù ló máa gbé lọ sílé. Ẹ bi í bóyá ó lè dá ọkọ̀ dúró fún wákàtí mẹ́ta lọ́sàn-án kó máa ṣáájì. Ó máa sọ fún yín pé kò ṣeé ṣe, torí pé inú wákàtí mẹ́ta yẹn gan-an lowó oúnjẹ ilé rẹ̀ wà. Ẹ wá bi í níbi tí ọkọ̀ ń sùn. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ gidi á jáde: inú ọgbà ọlọ́kọ̀, ilé epo tí wọ́n ti ń dáwó fún ọdẹ, tàbí ẹ̀gbẹ́ títì ládùúgbò rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti nílò iná, kì í ṣe gáréèjì tó ti ń kérò.

Tẹ́ ẹ bá ṣe èyí tán, àwọn ibì kan á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ fúnra wọn. Ní Ìbàdàn, ọkọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba máa ń dúró ní Sẹkitéríàtì Agodi láti àárọ̀ títí wọ́n á fi ṣíwọ́. Ẹni tó gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí ibùdókọ̀ ojú irin Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Mọ́níyà, tó wọ rélùwéè lọ sí Èkó láàárọ̀, lè má padà dé títí di ìrọ̀lẹ́. Inú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ní ọkọ̀ tó ń sùn mọ́jú àti ọkọ̀ tó ń wá lójúmọmọ. Ọgbà iléèwé gíga dáa fún ìbẹ̀rẹ̀ gan-an, torí pé ilẹ̀ wà, ọdẹ wà, àwọn tó mọ iṣẹ́ iná sì wà nítòsí. Kò yani lẹ́nu pé inú ọgbà yunifásítì ni NADDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀, gbé àwọn ibùdó ṣáájì onísólà àkọ́kọ́ tiwọn sí, ní Ṣókótó, Èkó àti Nsukka.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ fi iye wákàtí mú irú ẹ̀rọ

Kì í ṣe gbogbo ibi ló nílò ẹ̀rọ tó ń yára. Ẹ̀rọ AC ń fún ọkọ̀ ní irú iná tó ń wá sílé, ọkọ̀ á wá fúnra rẹ̀ yí i padà kó tó wọ bátìrì. Ẹ̀rọ DC ló ń yí i padà fúnra rẹ̀, tó sì ń fi ránṣẹ́ tààrà sínú bátìrì.

- Ibi tí ọkọ̀ ń sùn (wákàtí 6 sókè): ẹ̀rọ AC kílówáàtì 3.5 sí 7.
- Ibi iṣẹ́, ọjà ńlá, ilé ìwòsàn, ilé ìjọsìn (wákàtí 2 sí 5): ẹ̀rọ AC kílówáàtì 7 sí 22.
- Ẹnu ọ̀nà ìlú àti òpópónà ọ̀nà jíjìn (ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí 1): ẹ̀rọ DC kílówáàtì 50 sókè.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Leaf tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ yúnìtì 40, tó wọlé pẹ̀lú ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, tó fẹ́ kúrò ní ìdá 80, yúnìtì 24 ló nílò. Lórí ẹ̀rọ kílówáàtì 7, wákàtí mẹ́rin tàbí kó dín díẹ̀. Lórí DC kílówáàtì 50, kò ní ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 lọ. Bí ọkọ̀ náà bá ń sùn ní Bódìjà láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago mẹ́fà àárọ̀, kí ló fẹ́ fi DC ṣe?

Ẹ ṣọ́ra. Ọkọ̀ ló ń pinnu bí iná AC ṣe máa yára tó. Nǹkan bíi kílówáàtì 6.6 ni èyí tó pọ̀ jù tí Leaf yẹn lè gbà lórí AC. Ẹ gbé e sórí ẹ̀rọ kílówáàtì 22, kò ní gba ju 6.6 lọ. Ìgò tẹ́nu rẹ̀ kéré, bí ẹ bá tiẹ̀ da garawa omi sí i, ìwọ̀n tí ẹnu rẹ̀ gbà ló máa wọlé. Mo ti rí ìwé ètò tó fi ẹ̀rọ 22 sí gbogbo ibi pátá, owó wáyà nìkan sì ti jẹ ìdajì owó iṣẹ́.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ yẹ iná wò, àárọ̀, ọ̀sán àti òru

Ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ jù, torí pé ibí niṣẹ́ ti ń bà jẹ́.

Band. Ẹ mọ band tí àdúgbò wà. Band A gbọ́dọ̀ rí iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lóòjọ́, B wákàtí 16, C wákàtí 12, D wákàtí 8, E wákàtí 4. Èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé nìyẹn. Ẹ ní kí ẹnì kan tó ń gbé níbẹ̀ máa kọ ìgbà tí iná dé àti ìgbà tó lọ sílẹ̀ fún oṣù kan gbáko. Ohun tó ń yani lẹ́nu ni pé Band C lè dáa fún yín ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ: bí wákàtí 12 rẹ̀ bá bọ́ sí òru, tí ọkọ̀ náà sì ń sùn níbẹ̀ lóru, ó ti tó. Band A tó máa ń lọ láti aago méje alẹ́ títí di ọ̀gànjọ́ ò dáa tó bẹ́ẹ̀ fún takisí. Ìgbà tí iná ń wà ṣe pàtàkì ju iye wákàtí rẹ̀ lọ.

Tiransifọ́mà. Ẹ ka nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀. Tiransifọ́mà 500kVA lè gbé nǹkan bíi kílówáàtì 400 láìsí wàhálà. Ẹ ní kí òṣìṣẹ́ iná bá yín wọn ohun tó ń gbé ní aago mẹ́jọ alẹ́ àti ní aago kan òru. Ká sọ pé ó ń gbé 350 lálẹ́, tó sì já sí 200 nígbà táwọn èèyàn ti sùn. Ẹ wá fẹ́ gbé ẹ̀rọ kílówáàtì 7 mẹ́wàá síbẹ̀, 70 nìyẹn. Bí gbogbo wọn bá bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ, 420 ti dé, ẹ ti wà lọ́nà àtijó tiransifọ́mà gbogbo àdúgbò. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ láti aago mọ́kànlá lọ, 270 péré ni. Àwọn ẹ̀rọ kan náà, tiransifọ́mà kan náà. Aago ló yàtọ̀. Torí náà, ẹ ra ẹ̀rọ tó ṣeé fi aago sí, tó sì lè pín iná tó wà láàárín ara wọn, kó má jẹ́ pé gbogbo wọn ló ń fà ní àfàjù.

Fólítéèjì. 230 ló yẹ kó wà. Ẹ wọ̀n ọ́n ní aago mẹ́fà àárọ̀, aago méjì ọ̀sán àti aago mẹ́jọ alẹ́, kẹ́ ẹ sì wọ̀n ọ́n lórí fésì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bó bá ń já sábẹ́ 200 lálẹ́, ẹ má dúnàádúrà lórí ẹ̀rọ rárá títí iléeṣẹ́ iná á fi tún un ṣe. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ máa ń kọ̀ láti gba iná tó bá ti rẹlẹ̀ jù. Awakọ̀ á fi wáyà sí i, á lọ sùn, ilẹ̀ á mọ́ bátìrì kò sì gba nǹkan kan.

Fún DC. Ẹ̀rọ kílówáàtì 50 méjì ti tó 100. Ẹ má so ó mọ́ tiransifọ́mà tí ilé àwọn èèyàn wà lórí rẹ̀. Ẹ béèrè tiransifọ́mà tiyín, tó ń gba iná tààrà látorí wáyà 11kV, èyí táwọn òṣìṣẹ́ iná ń pè ní fídà. Ẹ fi lẹ́tà rẹ̀ ránṣẹ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá ti mọ ibi tẹ́ ẹ fẹ́, torí pé ìdáhùn rẹ̀ ló máa ń pẹ́ jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ yẹ ilẹ̀ náà wò

Ìbàdàn ò lè gbàgbé omíyalé Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, tàbí ti ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011. Ẹ lọ bi àwọn àgbà àdúgbò ibi tí omi dé. Wọ́n á fi ọwọ́ wọn hàn yín lára ògiri. Bí omi bá ti débẹ̀ rí, ẹ wá ibòmíì, tàbí kẹ́ ẹ gbé pèpéle ẹ̀rọ ga ju àmì yẹn lọ dáadáa. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi "wọ́n ti kọ́ gọ́tà sí i" tù yín nínú.

Àwọn nǹkan mìíràn tẹ́ ẹ máa wò:

- Ta ló ni ilẹ̀? Ilẹ̀ ìjọba, ilẹ̀ iléèwé àti ilé epo tó níwèé ló rọrùn jù. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ ti ẹbí, ẹ rí i pé gbogbo ẹbí fọwọ́ sí i.
- Ṣé èèyàn ń wà níbẹ̀ lóru? Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Wáyà bàbà ń fa olè, ibi tó dá sì ń lé awakọ̀ obìnrin.
- Ṣé ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ lè dé ìdí ẹ̀rọ, kí ọwọ́ rẹ̀ sì tó ẹnu wáyà?
- Ṣé wáyà máa gba orí ibi tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà kọjá? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ yí ẹ̀rọ sí ìhà kejì.
- Bó bá jẹ́ ilé epo, ẹ jẹ́ kó jìnnà sí pọ́ǹpù àti páìpù tí táńkì fi ń mí. Ẹnjiníà yín àtàwọn panápaná ni kó wọn bó ṣe máa jìnnà tó.

## Ìgbésẹ̀ 5: Ẹnu wáyà, níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú

Ẹnu wáyà ni ibi tó ń wọ ara ọkọ̀, oríṣiríṣi ló sì wà. Nílẹ̀ Yúróòpù, irú ẹnu kan ló pọ̀ jù. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀, torí pé ibi gbogbo ni ọkọ̀ wa ti ń wọlé. Orúkọ àwọn ẹnu náà nìyí, bí ibi tí ọkọ̀ ti wá bá ṣe rí:

- Tókúnbọ̀ láti Amẹ́ríkà: Type 1 fún AC, CCS1 fún DC. Tesla ibẹ̀ ní ẹnu tirẹ̀.
- Láti Yúróòpù: Type 2 fún AC, CCS2 fún DC.
- Láti Ṣáínà: ọ̀pọ̀ ló ní GB/T, tí ẹnu AC rẹ̀ yàtọ̀ sí ti DC. Àmọ́ àwọn kan tí wọ́n ṣe fún títà sílẹ̀ òkèèrè máa ń ní CCS2.
- Nissan Leaf tókúnbọ̀: CHAdeMO fún DC.

Ohun tí mo máa ń dámọ̀ràn nìyí. Fún AC, ẹ ra ẹ̀rọ tó ní ihò Type 2 nìkan, tí kò ní wáyà lára, kí awakọ̀ máa gbé wáyà tirẹ̀ wá. Wáyà tó ti Type 2 bọ́ sí Type 1 wà, èyí tó bọ́ sí GB/T náà wà. Ẹ ti yanjú ọ̀rọ̀ ẹnu, ẹ sì ti mú ohun tí olè fẹ́ gé kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ fi wáyà méjì mẹ́ta pamọ́ sọ́dọ̀ olùtọ́jú ibùdó fún ẹni tó bá gbàgbé tirẹ̀, kó fi káàdì ìdánimọ̀ sílẹ̀ kó tó gbà á.

Fún DC, wáyà gbọ́dọ̀ wà lára ẹ̀rọ. Ẹ padà sí ìwé Ìgbésẹ̀ 1, kẹ́ ẹ ka irú ọkọ̀ tó pọ̀ jù, kẹ́ ẹ ra ẹ̀rọ ẹlẹ́nu méjì tó bá wọn mu. Ẹ má gba ohun tí oníṣòwò ní nílẹ̀ torí pé ó dín owó. Ẹ má sì jẹ́ kí awakọ̀ kankan lo àdápítọ̀ DC tí kò níwèé ẹ̀rí; iná tó ń gba ibẹ̀ kọjá lè jó ọkọ̀ àti èèyàn.

Ẹ béèrè ohun kan sí i lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ tà á: ṣé ẹ̀rọ yìí ń sọ èdè OCPP? Ìlànà yìí ló jẹ́ kí ẹ̀rọ iléeṣẹ́ kan lè ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ètò kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ mìíràn. Bí kò bá ní in, tí iléeṣẹ́ yẹn sì kógbá wọlé lọ́la, ẹ̀rọ yín á kú pẹ̀lú wọn.

## Ìgbésẹ̀ 6: Ìwé àṣẹ àti ààbò

Láti ìgbà tí Òfin Iná Mànàmáná ti ọdún 2023 ti dé, ìpínlẹ̀ lè fúnra rẹ̀ ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná. Èkó, Ọ̀yọ́, Oǹdó àti Èkìtì wà lára àwọn tó ti gba agbára yẹn lọ́wọ́ NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso iná. Torí náà, àjọ tó ń ṣàkóso iná ní ìpínlẹ̀ yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi léèrè ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ máa ta iná fún ọkọ̀. Ẹ ṣe é ní tẹ̀léǹtẹ̀lé:

1. Lẹ́tà sí iléeṣẹ́ tó ń pín iná, pẹ̀lú iye kílówáàtì tẹ́ ẹ fẹ́.
2. Ìwé láti ọ̀dọ̀ àjọ iná ìpínlẹ̀.
3. Ìwé àṣẹ ìkọ́lé láti ọ́fíìsì ètò ìlú.
4. Ìwé ẹ̀rí SON, àjọ tó ń rí sí ojúlówó ọjà, lórí ẹ̀rọ, kó tó kúrò ní ìlú tẹ́ ẹ ti rà á.
5. Àyẹ̀wò NEMSA, àjọ tó ń yẹ ààbò ohun èlò iná wò, lẹ́yìn tí ẹ bá gbé e kalẹ̀ tán, kẹ́ ẹ tó tan iná sí i.

Ní ti ààbò, ohun mẹ́ta ni ẹ ò gbọ́dọ̀ dín owó rẹ̀ kù. Wáyà ẹ́ẹ̀tì, kí ẹnjiníà wọ̀n ọ́n lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn tí ilẹ̀ gbẹ, kì í ṣe lẹ́yìn òjò nìkan. Bírékà tó ń já bí iná bá ń jò, irú èyí tó ń mọ jíjò DC pẹ̀lú, torí pé èyí tó wà nínú ilé lásán lè má mọ̀ ọ́n. Ẹ̀kẹta ni ohun tó ń dáàbò bo ẹ̀rọ lọ́wọ́ àrá. Bí àrá ṣe ń sán lọ́dọ̀ wa lóṣù kẹrin sí ìkẹwàá, ẹ̀rọ tí kò ní in ò lè pẹ́.

## Ìgbésẹ̀ 7: Ìgbà tí iná bá lọ

Ìbéèrè nípa sólà máa ń wọlé púpọ̀, torí náà ẹ jẹ́ kí n fi nọ́ńbà sọ ọ́. Sólà kílówáàtì 10 lápá ìwọ̀ oòrùn gúúsù yìí á fún yín ní nǹkan bíi yúnìtì 35 sí 40 lọ́jọ́ tó dáa, kò sì ní tó bẹ́ẹ̀ lóṣù keje àti ìkẹjọ tí ojú ọjọ́ ń ṣú. Ó máa gba àyè tó tó 50 sí 60 mítà níbùú lóròó. Gbogbo ẹ̀ kò ju bátìrì Leaf kan lọ. Àmọ́ fún ọ̀kadà oníyúnìtì 2.5, ó tó 14 lóòjọ́, èyí sì ti di iṣẹ́ gidi. Nítorí náà, sólà dára fún ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́, ó dára láti mú iná ọ́fíìsì, kámẹ́rà àti íntánẹ́ẹ̀tì ibùdó dúró. Fún ọkọ̀ ńlá, àfikún ni kẹ́ ẹ kà á sí.

Jẹnẹrétọ̀ dísù? Lítà kan máa ń fúnni ní nǹkan bíi yúnìtì 3 bó bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ pín owó lítà dísù lónìí sí mẹ́ta, kẹ́ ẹ fi wé owó yúnìtì NEPA. Tẹ́ ẹ bá rí ìyàtọ̀ náà, ẹ máa tọ́jú jẹnẹrétọ̀ fún ọkọ̀ tí kò lè dé ilé, irú bí ọkọ̀ aláìsàn, kò ní jẹ́ ohun ojoojúmọ́.

## Ìgbésẹ̀ 8: Owó

Ẹ máa ta yúnìtì, ẹ má ta wákàtí. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń lọ́ra gba iná ò yẹ kó sanwó ju ẹlòmíì lọ fún yúnìtì kan náà. Àmọ́ ẹ fi owó kékeré sórí ẹni tí bátìrì rẹ̀ ti kún tí kò sì gbé ọkọ̀ kúrò.

Iye tẹ́ ẹ máa tà á wà lọ́wọ́ bí ọjà bá ṣe ń yá. Ká sọ pé ẹ ń ra yúnìtì kan ní 210 náírà, tí owó ọdẹ, íntánẹ́ẹ̀tì, ilẹ̀ àti àtúnṣe sì jẹ́ 300,000 lóṣù. Bí ẹ bá ta yúnìtì 3,000 lóṣù, 100 náírà ló gorí yúnìtì kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ 1,000 lẹ tà, 300 ló gorí rẹ̀, yúnìtì ti di 510 kẹ́ ẹ tó jèrè kọ́bọ̀, láìtíì ka owó ẹ̀rọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ takisí: ọkọ̀ ara ẹni lè wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, takisí á wá lójoojúmọ́.

Ẹ gba owó ní ọ̀nà tí gbogbo èèyàn mọ̀: tránsífà, POS, kóòdù orí fóònù kékeré. Ẹ má fi áàpù nìkan dènà àwọn tí fóònù wọn ò gbé e.

## Ìgbésẹ̀ 9: Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi mẹ́ta, àmọ́ ẹ gbẹ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan

Ibi mẹ́ta tó yàtọ̀ síra ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Ní Ìbàdàn, èmi á mú ibi tí takisí ń sùn nítòsí Ìwó Róòdù, ibi iṣẹ́ kan bí Agodi, àti ẹnu ọ̀nà Èkó lápá Challenge fún DC. Leaf tó gbéra ní Èkó lè dé Ìbàdàn, ṣùgbọ́n pẹ̀lú bátìrì tó ti lò díẹ̀ àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lójú ọ̀nà, ọkàn awakọ̀ ò ní balẹ̀ láti padà láìrí iná.

Bí ẹ bá ń gbẹ́lẹ̀ fún ẹ̀rọ mẹ́ta, ẹ ri páìpù òfìfo fún mẹ́wàá mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi àyè sílẹ̀ nínú pánẹ́ẹ̀lì bírékà. Páìpù ò wọ́n. Kí wọ́n tún wá fọ́ kọnkéré lẹ́yìn ọdún kan ló ń náni lówó.

## Bí ibùdó ṣáájì ò bá bá ìlú yín mu

Bí ọ̀kadà bá ju ọkọ̀ lọ níbi tẹ́ ẹ wà, ẹ wo pípààrọ̀ bátìrì. Ní Kútọnu àti Lomé, awakọ̀ zémidjan (ọlọ́kadà ibẹ̀) tó ń lo ọ̀kadà oníná iléeṣẹ́ Spiro máa ń yà sí ibùdó, á fa bátìrì tó ti tán yọ, á ki èyí tó kún bọ̀ ọ́, á sì máa lọ. Kò sí wákàtí kankan tó ṣòfò. Ìṣòro rẹ̀ ni pé bátìrì gbọ́dọ̀ jẹ́ irú kan náà, ilé iṣẹ́ kan ló sì máa ń di gbogbo rẹ̀ mú. Kí ìjọba tó fún wọn ní ilẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn bí iye owó pípààrọ̀ á ṣe máa yí padà.

Bó bá jẹ́ bọ́ọ̀sì lẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, inú ọgbà tí wọ́n ń sùn sí ni kẹ́ ẹ gbé iná lọ. Shenzhen ní Ṣáínà ti sọ gbogbo bọ́ọ̀sì ìlú wọn di oníná nígbà tí ọdún 2017 fi parí, ó lé ní 16,000, inú ọgbà bọ́ọ̀sì sì ni púpọ̀ nínú iná wọn ti ń wá. Ọgbà gáréèjì ìjọba ní Òjóò, Challenge àti Ìwó Róòdù lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn.

Fún ẹsiteéètì tí ọkọ̀ oníná ò tíì pọ̀, ẹ ṣe bíi ti Amsterdam: onílé tó ra ọkọ̀ oníná ló máa béèrè, nígbà náà ni wọ́n á gbé ẹ̀rọ sítòsí rẹ̀, àwọn aládùúgbò yòókù á sì máa lò ó.

## Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣí i

- Ẹ ti ṣáájì ó kéré tán irú ọkọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ níbẹ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́.
- Ẹ ti pa iná lójijì kẹ́ ẹ wò ó bóyá ẹ̀rọ á tún bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí iná bá dé. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, èyí ṣe kókó.
- Iye owó yúnìtì wà lára ògiri, lédè Yorùbá, ní lẹ́tà ńlá.
- Nọ́ńbà fóònù ẹni tó máa gbé e ní aago méjì òru wà lára ẹ̀rọ, ẹ sì ti pè é ní aago méjì òru wò.
- Bírékà, fíúsì àti ẹnu wáyà kan wà nílẹ̀ ní ìlú yín gan-an, kì í ṣe pé ẹ máa retí rẹ̀ láti òkèèrè.
- Ọdẹ mọ ibi tí bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa iná ẹ̀rọ wà, ó sì ti fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ rí.

Láti ọjọ́ yẹn lọ, ẹ máa kọ yúnìtì tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tà lóòjọ́, àti wákàtí tó fi dákẹ́. Ní òpin oṣù kẹta, ẹ jókòó ti ìwé náà pẹ̀lú àwọn awakọ̀. Ẹ̀rọ tí iná wà níbẹ̀ tí ọkọ̀ ò wá, ẹ tú u kúrò kẹ́ ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń tò.